Owó alájẹṣẹ́kù ni mo fi ra Nvidia: ta ni kí n gbọ́ nínú wọn?

Lẹ́tà kan dé ọwọ́ mi láti Abẹ́òkúta. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe sọ ọ́ náà ni mo fi í sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ girama ni mí. Ní oṣù kìíní 2025 mo yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ra ìpín Nvidia, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ kéékèèké inú kọ̀ǹpútà, lórí fóònù. Ó ti wálẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí bíi 140 nígbà náà, mo ní ọ̀pọ̀ rèé. Kò pé oṣù kan, ó já, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ mọ́. Ó ti gòkè padà báyìí, èrè sì ti wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń tẹ̀ lé lórí YouTube àti Telegram kò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀kan ní ọjà yìí yóò fọ́ bíi ti ọdún 2000, kí gbogbo wa tètè tà. Èkejì ní yóò di ìlọ́po méjì kí ọdún tó yí po. Alájẹṣẹ́kù sì ti ní àwọn tún lè yá mi sí i. Ta ni kí n gbọ́ nínú wọn? Ṣé kí n tà ni, àbí kí n rà kún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, bàbá àwọn ọmọ ò mọ̀ sí i."

Tíṣà wa, ẹ kú ìnira. Ìbéèrè méjì ni ẹ fi síwájú, ẹ wá fi gbólóhùn kan sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, pé ọkọ yín ò mọ̀ sí i. Lójú tèmi, ti iwájú yẹn ló fúyẹ́ jù. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ alágbàtà ìpín ní Marina l'Ékòó kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọjà ń gòkè tí gbogbo ayé ń jó, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tó já ní 2008. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọjà lórí fóònù yín lè mọ ọjà dáadáa, àmọ́ kò lè mọ ọjọ́ tí alájẹṣẹ́kù ń yọ owó wọn nínú owó oṣù yín. Ibẹ̀ ni ohun tó ń lé oorun lójú yín wà. Nvidia kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "ọ̀pọ̀" yẹn, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ní oṣù kẹfà 2024 ni Nvidia pín ẹyọ ìpín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá. Ẹni tó sùn pẹ̀lú ẹyọ kan tó jẹ́ 1,200 dọ́là jí bá mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120. Kò sẹ́ni tó jèrè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pàdánù. Búrẹ́dì kan náà ni, wọ́n kàn gé e ni. Iye ẹyọ kan ṣoṣo ò lè sọ fún wa bóyá ìpín wọ́n, àfi tí a bá mọ iye ẹyọ tó wà níta. Ti Nvidia lé ní bílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún. Ẹ fi 140 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ilé-iṣẹ́ tí ọjà ń pè ní tírílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ó lé ni ẹ bá wọn dá owó lé lọ́jọ́ náà. Ní ọdún ìṣirò wọn tó parí ní oṣù kìíní 2025, èrè tí wọ́n pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 73 dọ́là. Tí èrè náà bá dúró lójú kan, ó máa gbà tó ọdún 47 kí ó tó kájú iye tí ẹ san. Torí náà, ẹni tó ra Nvidia ní 140 ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé èrè náà ò ní dúró lójú kan, yóò máa pọ̀ sí i ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Ọjà náà kúkú ní ìdí tó fi gbà á gbọ́. Ọdún 1993 ni wọ́n dá Nvidia sílẹ̀ ní California, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe eré géèmù ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ya àwòrán géèmù ni wọ́n ń ṣe, èyí tó lè ṣe ìṣirò kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n nílò láti kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n bíi ti èèyàn. ChatGPT jáde ní òpin oṣù kọkànlá 2022, ayé sì yí padà fún wọn. Owó tó wọlé fún Nvidia jẹ́ bílíọ̀nù 27 dọ́là ní ọdún ìṣirò 2023, ó di 60.9 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di 130.5 ní èyí tó tún tẹ̀ lé e. Mi ò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi, pé kí ilé-iṣẹ́ tó ti tóbi tó bẹ́ẹ̀ tún máa dàgbà bí ọmọ ọwọ́. Àmọ́ ẹ wo ibi tí owó náà ti ń wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ àwọn oníbàárà díẹ̀ tí àpò wọn jìn bíi Microsoft, Amazon, Google àti Meta ló ti ń jáde. Bí ìyá oníbúkà bá ní oníbàárà mẹ́rin tó ń ra ìdajì ìkòkò rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá lọ ra ìkòkò tirẹ̀, oúnjẹ á ṣẹ́kù.

Ẹ̀rù irú ìyẹn ló ba ọjà ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní 2025. Ilé-iṣẹ́ kan láti Ṣáínà, DeepSeek, gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tirẹ̀ jáde, ó ní ẹ̀rọ kéékèèké díẹ̀ lòun fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ìpín Nvidia fi bíi ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, owó tó sì gbẹ lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 600 dọ́là, èyí tó pọ̀ jù lọ tí ilé-iṣẹ́ kan tíì pàdánù lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ọjà Amẹ́ríkà títí di ìgbà náà. Kò sí ilé iṣẹ́ tó jóná, ẹ̀rù ni ó ba ọjà. Ẹ ti rí i ní Kútọ̀ rí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọkọ̀ tòmátì mẹ́wàá ń bọ̀ láti òkè ọya, iye apẹ̀rẹ̀ tó wà nílẹ̀ á ti wálẹ̀ kí ọkọ̀ kankan tó dé, àní bí ọkọ̀ náà bá tilẹ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ohun tó ń bọ̀ ni ọjà ìpín ń ná, kì í ná ohun tó wà nílẹ̀. Òun náà ló fà á tí ìpín fi lè já lọ́jọ́ tí ìròyìn ayọ̀ bá jáde. Ní òpin oṣù kẹjọ 2024, Nvidia kéde pé bílíọ̀nù 30 dọ́là wọlé fún òun ní oṣù mẹ́ta péré, ó ju ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìpín náà fi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Àwọn tó ti rà á ti retí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ẹnì kan ló ń ṣe màgòmágó ní gbogbo ìgbà tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Ó wá kan àwọn alásọtẹ́lẹ̀ yín méjèèjì. Ẹni tó ń dárúkọ ọdún 2000 kò parọ́. Nasdaq, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí, gun òkè dé 5,048 ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta 2000, ó sì wálẹ̀ dé 1,114 ní ọjọ́ 9, oṣù kẹwàá 2002. Nínú náírà márùn-ún, ọ̀kan àti díẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ọdún 2015 ni ó tó padà débi tó ti já. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sábà sọ kún un nìyí: ní oṣù kejìlá 1996, Alan Greenspan tó jẹ́ olórí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti béèrè ní gbangba bóyá ara àwọn olùdókòwò kò ti yá gágá jù. Nasdaq wà ní bíi 1,300 lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà tó sì tà fi ojú ara rẹ̀ rí i bí owó aládùúgbò rẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀. Kó tó di 2002 tí ọjà wá já kọjá ibi tí Greenspan ti kìlọ̀, mélòó ló ṣẹ́kù tó ṣì ń dúró? Púpọ̀ wọn ti tiraka wọlé padà ní 1999, nígbà tí ojú kò lè gbà á mọ́. Ìkìlọ̀ náà tọ̀nà, ó sì ba tiwọn jẹ́ síbẹ̀.

Ẹni kejì, tó ní yóò di ìlọ́po méjì, ní ìtàn tirẹ̀ náà. Ìpín Amazon kọjá 100 dọ́là ní ìparí 1999, kò sì tó mẹ́fà mọ́ ní 2001. Ẹni tó bá lè di ojú rẹ̀ nígbà náà, a ti mọ ibi tó wà lónìí. Pets.com, tó ń ta nǹkan ẹran ọ̀sìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó wọ ọjà ní oṣù kejì 2000 ń kọ́, kò rí ọdún kan pé, wọ́n ti ilẹ̀kùn ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ní tèmi, kì í ṣe Amazon tàbí Pets.com ló jọ Nvidia, Cisco ni. Cisco ló ń ta àwọn ẹ̀rọ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Gidi ni ilé-iṣẹ́ náà, ó ń pa èrè, gbogbo ohun tí wọ́n sì sọ tẹ́lẹ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ, fóònù tí ẹ fi kọ lẹ́tà sí mi jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀ ẹni tó ra Cisco ní 80 dọ́là ní oṣù kẹta 2000 rí i tó di mẹ́jọ, ó sì dúró ju ogún ọdún lọ kó tó rí 80 rẹ̀. Ó mọ ibi tí ayé ń lọ dáadáa, ó kàn san owó ọkọ̀ jù ni. Bóyá ohun tí àwọn tó ń ra Nvidia ń ṣe lónìí nìyẹn, tàbí bóyá kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀mọ̀wé kankan kò lè búra fún yín.

Kí wá ni àwọn tó ń búra fi ń búra? Oúnjẹ wọn ni. Mi ò bú wọn, ọ̀rọ̀ ìpín ni èmi náà fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí olúkúlùkù ń jẹ kí ẹ tó jẹ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì gbóná, Henry Blodget, tó ń ṣàlàyé ìpín fún ilé-iṣẹ́ alágbàtà Merrill Lynch, ni gbogbo Amẹ́ríkà ń gbọ́. Nígbà tí ìjọba wo ìméèlì rẹ̀, wọ́n rí i pé ìpín tó ń gbé lárugẹ ní gbangba ló ń pè ní ìdọ̀tí ní kọ̀rọ̀. Ní 2003 ó gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là láì sọ pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọjà ìpín títí ayé. Ọlọ́fíìsì nìyẹn. Ní 2000 kan náà, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà mú ọmọ ọdún 15 kan ní New Jersey. Á ra ìpín ilé-iṣẹ́ kéékèèké, á wá fi oríṣiríṣi orúkọ kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí nípa rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, tí àwọn àgbàlagbà bá ti rà á, òun á tà fún wọn. Ó dá owó tó lé ní 270,000 dọ́là padà, pẹ̀lú èlé. Ọmọ ilé ìwé ni o, tíṣà, bíi ti kíláàsì yín.

Ti YouTube kò tilẹ̀ nílò ẹ̀tàn kankan. Ìpolówó ọjà ló ń sanwó, iye ojú tó bá wò ó ni owó. Ẹni tó bá ní "ìpín yìí lè gòkè díẹ̀, ó sì lè rọ̀ díẹ̀" kò ní rí èèyàn wò ó. Àti pé YouTube fúnra rẹ̀ ti mọ̀ yín: ó rí i pé ẹ̀rù àti ìrètí lẹ máa ń tẹ̀, ó wá ń gbé àwọn méjèèjì fún yín ní alaalẹ́. Àwọn méjì tí ẹ ń bi mí léèrè, kì í ṣe pé ẹ yàn wọ́n. Ti Telegram ni mo bẹ̀rù jù, pàápàá èyí tó ní yàrá ọ̀fẹ́ àti yàrá olówó, torí ẹ ò lè mọ ẹni tó ti rà kó tó sọ fún yín pé kí ẹ rà. Àwọn kan wà tí mo ṣì ń gbọ́, kí n má purọ́. Ohun tí mo fi ń mọ̀ wọ́n ni pé wọ́n ń sọ ìpín tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rántí ìgbà tí wọ́n ṣì í, wọ́n sì máa ń sọ ohun tí yóò mú wọn yí ọkàn padà. Ẹni tí kò bá ní èyí tó kẹ́yìn yẹn, ìwàásù ló ń ṣe. Àti pé ẹ̀ẹ̀mẹrin péré lọ́dún ni Nvidia ń gbé ìṣirò rẹ̀ jáde, ní oṣù kejì, ìkarùn-ún, ìkẹjọ àti ìkọkànlá. Kò sí ohun tí èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ lójoojúmọ́ tó fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ tuntun.

Gbèsè kò jọ ìdókòwò, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ní 2007, gbogbo èèyàn l'Ékòó ló ń ra ìpín báńkì. Ọ̀gá rélùwéè kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bá mi, ó fẹ́ yá owó ní báńkì kí ó fi ra ìpín sí i, ìpín náà ni yóò sì fi ṣe ìdúró. Èmi ni mo bá a kọ fọ́ọ̀mù. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà wa kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún parí, ó ti di bíi 31,000, ní 2009 ó rí ìsàlẹ̀ 20,000. Báńkì kò dúró kí ó gòkè padà. Wọ́n ta ìpín bàbá náà ní ìdá mẹ́ta iye tó rà á, gbèsè sì tún ṣẹ́kù sí i lọ́rùn. Kì í ṣe pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó rà ló burú jù lọ, àwọn kan wà títí dòní. Ìpín ló lè dúró, gbèsè ni kò lè dúró. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi ni àgbà tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí wọ́ lójú mi. Ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n yẹn tó kọjá ti 2008. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún l'Ékòó, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní New York. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù yín bóyá wọ́n lè fún yín ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ti alájẹṣẹ́kù rọ̀ ju ti báńkì lọ, mo mọ̀, èlé wọn kéré, wọn kò sì ní ta ìpín yín. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín ló dúró fún yín. Bí nǹkan bá yí, owó tí àwọn náà ti ń fi pamọ́ ni wọn yóò fọwọ́ kàn. Ohun mìíràn tún wà tí ẹ kò mẹ́nu bà: náírà lẹ jẹ ní gbèsè, dọ́là lẹ fi rà. Kí ìjọba tó tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kò tó 500 náírà ní báńkì, kò sì pé ọdún kan tó fi kọjá 1,500. Ẹni tó ra ìpín Amẹ́ríkà ní 2021 ka èrè ní náírà, ó rò pé ọgbọ́n òun ni, bẹ́ẹ̀ náírà tó ń já ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Nínú ọdún tí ẹ rà, ó yí padà: dọ́là bẹ̀rẹ̀ 2025 ní òkè 1,500, ó parí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ iye yẹn. Torí náà ẹ má ka èrè yín ní dọ́là nìkan. Ẹ wo iye náírà tí áàpù yín yóò san fún yín lónìí tí ẹ bá tà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó iṣẹ́ àti iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là, kí ẹ fi í wé iye náírà tí ẹ jẹ ku. Òǹkà yẹn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa yín.

Nípa áàpù náà, ẹ kò bi mí, ṣùgbọ́n n óò fi kún un. Ní oṣù kẹrin 2021, àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìpín nílẹ̀ wa kìlọ̀ fún àwọn áàpù tó ń ta ìpín ilẹ̀ òkèèrè láì gba ìwé àṣẹ, ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ilé ẹjọ́ tún gbà fún CBN láti dí àkáǹtì àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Láti ìgbà náà ni ìwé àṣẹ ti wà fún irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo orúkọ tiyín lórí àkọsílẹ̀ àjọ SEC fúnra yín, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sórí áàpù gbọ́. Tí ẹ bá rí ìpín yín, tí ẹ lè tà á, tí owó sì ń wọ báńkì yín, ẹ ti yàtọ̀ pátápátá sí àwọn tí CBEX gba owó wọn. Àwọn CBEX ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ní oṣù kẹrin 2025 ilẹ̀kùn tì, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, àga àti tábìlì ni wọ́n rí kó.

Ohun tí n bá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé n óò ta ìwọ̀n tó lè san gbèsè alájẹṣẹ́kù tán, n óò san án lọ́jọ́ náà, n óò sì fi ìyókù sílẹ̀. Tí ẹ bá ta gbogbo rẹ̀, ẹ ó sùn, ṣùgbọ́n mo mọ irú yín, tó bá gòkè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ ó tún yá owó rà á. Tí ẹ kò bá ta nǹkan kan, ẹ lè jèrè gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ohun tó ṣe sí oúnjẹ yín nígbà tó já. Ní 2022, ìpín Nvidia kan náà yìí pàdánù ìdajì iye rẹ̀. Ìyókù tó bá wà lẹ́yìn gbèsè, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè wò ó kó di ìdajì láì dé ọ́fíìsì alájẹṣẹ́kù. Kò sí èrè ìdúró kan gbòógì lórí rẹ̀: ní 2025, sẹ́ǹtì kan ni Nvidia san lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, Amẹ́ríkà á sì yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìyẹn fún owó orí. Àwọn kan yóò ní kí ẹ lọ ra àpapọ̀ S&P 500, ìyẹn ìpín ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà bíi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lápapọ̀, dípò rẹ̀. Ó dára ju ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ, èmi náà ní in, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ ti sá fún Nvidia: òun àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ní ti owó kejì tí wọ́n fẹ́ yá yín, rárá. Mi ò ní àlàyé gígùn fún ìyẹn.

Bí ẹ bá tà, tó sì di ìlọ́po méjì, ẹ ó bú mi, ẹ sì ní ẹ̀tọ́. Ní 2016, àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Houston béèrè ọ̀rọ̀ Nvidia yìí gan-an lọ́wọ́ mi. Mo ní àwọn elérè ọmọdé ni, kó fi wọ́n sílẹ̀. Títí dòní, tí a bá pàdé níbi ìnáwó, ó máa ń fi ìṣirò kí mi. Mi ò sì tíì rí ìwé owó oṣù yín, ẹ kò sọ iye èlé fún mi, n kò mọ iye ọmọ tó ń san owó ilé ìwé ní oṣù kẹsàn-án. Ohun tí ẹ mọ̀ tí èmi kò mọ̀ lè yí ìdáhùn mi padà.

Ó ku ti bàbá àwọn ọmọ. Bí ohun kan bá ṣe yín lọ́la, alájẹṣẹ́kù mọ ilé yín, wọn yóò wá bá a fún gbèsè. Fóònù yín kò ní sọ fún un pé owó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ áàpù náà sínú ìwé, pẹ̀lú ìméèlì tí ẹ fi ṣí i àti orúkọ ẹni tí ẹ fi ṣe àjogún, kí ẹ kó o sínú fáìlì tí ìwé ilẹ̀ wà. Kí ẹ wá sọ fún un, ní alẹ́ Sátidé tí ọjà Amẹ́ríkà ti tì, nígbà tí ọkàn yín balẹ̀ tí èrè ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbèsè. Tí ẹ bá ti san án tán kí ẹ tó sọ, ọ̀rọ̀ yẹn á kúrú gan-an.